"Ta ló ń lé yín?" Èsì rèé fáwọn tó ń fi ẹni tó ń sáré láàárọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró lójú títì Ṣàngó-Ọ̀tà rí láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí mọ bó ṣe máa ń rí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tò síbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ wọn. Àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń darí bọ̀, ojú wọn ti pọ́n. Àwọn tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀ gbé kúlà oúnjẹ dání. Alákàrà ti gbé epo kaná, àwọn kọ̀ǹdọ́ sì ti ń pariwo Oju-Ore àti Ìyànà Ìyẹsí. Bí ẹnì kan bá wá gba àárín wọn kọjá tòun ti bàtà kánfáàsì àti ṣòkòtò pénpé, tó ń sáré, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, yẹ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń lé yín?" "Àǹtí, ẹ rọra o, bọ́ọ̀sì ṣì wà nílẹ̀!" Ẹlòmíì á ní gbèsè ló ń lé e, ẹlòmíì á ní ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde nílé.

Yẹ̀yẹ́ ọ̀hún kò kúkú burú, nítorí ìlú iṣẹ́ ni Ọ̀tà. Ẹni tó ti fi odidi òru dúró nídìí ẹ̀rọ, tó gbé páálí, tó fa irin, kò ní tètè rí ìdí tí ẹlòmíì fi tún ń wá òógùn kiri láàárọ̀. Wọ́n á ní ṣé èyí tí àwọn ń là níbi iṣẹ́ kò tó ni? Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwọn kan wà láyé yìí tó jẹ́ pé àìsàn ọmọ ọlọ́mọ ló ń lé wọn, owó ìtọ́jú ọmọ náà làwọn náà sì ń lé. Wọn kì í ṣe eléré-ìje. Akọ̀wé ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò le. Àwọn mélòó kan á kó ara wọn jọ, wọ́n á mú ìdíje kan tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á sì yan àìsàn kan tàbí ilé ìtọ́jú kan tí wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni kálukú á tọ mọ̀lẹ́bí, aládùúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ará mọ́sálásí rẹ̀ lọ, á ní, "Ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò sáré rí. Mo fẹ́ sá kìlómítà 10 nítorí àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn yìí. Kí lẹ máa fi síbẹ̀?" Ibi tí ọgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà rèé o. Ẹni tó ń tọrọ owó kò jókòó sójú kan kó máa na ọwọ́, ó ti kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sínú ìnira kó tó ní kẹ́nì kan fi ọwọ́ sápò. Ẹni tó bá mọ àáró àti ọ̀wẹ̀ tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń ṣe lóko kò ní sọ pé nǹkan òyìnbó gbáà ni. Wọ́n pe ọ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé ta ló ń lé yín.

Ọ̀gbẹ́ni Bruce Cleland wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Amẹ́ríkà ló ń gbé nígbà náà. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin, Georgia, nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ náà rí ìtọ́jú, ó sì yè é. Bàbá yìí kò wá fi ọpẹ́ sẹ́nu lásán. Ní 1988, ó kó èèyàn jọ, gbogbo wọn sì jẹ́ 38. Wọ́n gbára dì pọ̀, wọ́n lọ sá máràtọ́ọ̀nù ìlú New York. Nígbà tí wọ́n máa ka owó tí àwọn èèyàn dá fún wọn, 322,000 dọ́là ni wọ́n bá nílẹ̀, wọ́n sì gbé e fún ẹgbẹ́ tó ń bá jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ jà. Ẹgbẹ́ ọ̀hún rí i pé ọ̀nà ti là, ló bá sọ ọ́ di ètò tí wọ́n ń pè ní Team in Training: ẹni tí kò sáré rí á wọlé, wọ́n á fún un ní ẹni tó máa kọ́ ọ, òun náà á sì lọ máa wá owó. Owó tí ètò yẹn ti kó jọ láti ìgbà náà ti lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Èèyàn 38 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o.

Kí Cleland tó ṣe tiẹ̀, ọmọkùnrin kan ti ṣe ohun tó pa ayé lẹ́kún ní Kánádà. Terry Fox lorúkọ ẹ̀. Ní 1977, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, jẹjẹrẹ eegun mú un, wọ́n sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Níbi tó sùn sí nílé ìwòsàn, ó rí àwọn ọmọdé tí àìsàn náà ń jẹ níyà, ìyẹn kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kọ́ eré sísá. Ní 1979, ó lọ kópa nínú ìdíje kan ní ìlú Prince George. Òun ló gbẹ́yìn pátápátá. Àmọ́ ó sá a parí. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1980, ó gbéra láti St. John's ní etí òkun ìlà-oòrùn Kánádà, ó ní òun fẹ́ sáré la gbogbo orílẹ̀-èdè náà já, kí kálukú ará Kánádà fi dọ́là kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ìwádìí lórí jẹjẹrẹ.

Ọjọ́ 143 ló fi sáré. Bíi máràtọ́ọ̀nù kan lójúmọ́ ló ń sá, lórí ẹsẹ̀ kan àbọ̀, títí tó fi sá kìlómítà 5,373. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, nítòsí Thunder Bay, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Jẹjẹrẹ ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Kò lè lọ mọ́. Ó kú lọ́jọ́ 28 oṣù kẹfà 1981, ó ku oṣù kan péré kó pé ọdún 23. Ṣùgbọ́n kó tó kú, owó náà ti lé ní mílíọ̀nù 24 dọ́là, ìyẹn dọ́là kan lórí ẹni kọ̀ọ̀kan nílùú wọn nígbà náà. Ó gba ohun tó bèèrè. Ohun míì tó yẹ kéèyàn fi sọ́kàn nípa ọmọ náà ni pé bí àwọn oníṣòwò ṣe ń wá láti fi í polówó ọjà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní owó àánú ni, kì í ṣe ọjà.

Ní London náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ máràtọ́ọ̀nù tiwọn lọ́jọ́ 29 oṣù kẹta 1981. Lónìí, owó tí àwọn tó ń sá a ti kó jọ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ti lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí oṣù kẹrin bá ti ń sún mọ́lé, kò sí ibi iṣẹ́ tẹ́nì kan kì í ti gbé ìwé káàkiri pé kí wọ́n dá nǹkan fún òun.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà wálé. Ẹni tó bá wà l'Ọ́tà kò nílò ìwé ìrìnnà kó tó rí ibi tó máa sá. Láti ọjọ́ kẹfà oṣù kejì 2016 ni máràtọ́ọ̀nù Èkó ti bẹ̀rẹ̀, láti pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic ní Victoria Island. Kìlómítà 42 àti díẹ̀ ni gígùn máràtọ́ọ̀nù, àwọn ará Kenya àti Etiópíà ló sì sábà máa ń gba owó ibẹ̀ lọ. Ìyẹn kò kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Tiẹ̀ ni eré kìlómítà 10 tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kìlómítà 5 tí ẹgbẹ́ kan lè wọn fúnra wọn ládùúgbò.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n sáré, nítorí ta ni? Ní ilẹ̀ yìí, èsì kò jìnnà. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, táwọn míì ń pè ní síkùsẹ́ẹ̀lì, kò sí àdúgbò tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, bí ẹyọ kan ló gbé ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Nǹkan bí ọmọ 150,000 ni àwọn onímọ̀ ìlera ń sọ pé wọ́n ń bí lọ́dọọdún nílẹ̀ yìí pẹ̀lú àrùn ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í pé ọdún márùn-ún.

Òbí tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ńlá mọ bó ṣe ń rí. Ó wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní wọ́n ń pè é ní géètì. Kó tó débẹ̀, ó ti mọ̀. Eegun ti ń dun ọmọ, igbe ló ń ké látàárọ̀. Ó di kó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó di kó yáwó lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́, ó di Ọsibítù Ìjọba tàbí ọsibítù àdáni, ó di omi ara, ó di ẹ̀jẹ̀. Lóṣù tó ń bọ̀, ó tún lè ṣẹlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò bá wọlé kò ní gbowó ọjọ́ náà. Àìsàn kan náà ló ń jẹ ọmọ, ló ń jẹ owó oṣù, ló sì ń jẹ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó ń mú kí ìnira náà dín kù: folic acid, oògùn ibà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn rí wọn gbé ṣe, àbẹ́rẹ́ àjẹsára, àti hydroxyurea tó ń mú kí ìrora náà má wá lemọ́lemọ́. Gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè owó tí kì í dáwọ́ dúró. Láti 1994 ni Sickle Cell Foundation Nigeria ti wà, ní Ìdí-Àràbà, òdìkejì ọsibítù LUTH l'Ékòó. Ẹni tó bá ń wá ibi tó lè fi owó eré ránṣẹ́ sí kò ní ṣàìrí.

Ó wá ku bí ẹni tí kò sáré rí ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni pé ọjọ́ kìíní lèèyàn máa ń fẹ́ pa ara rẹ̀. Á dìde láàárọ̀ Mọ́ńdè, á ki eré mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti dì mọ́ òpó iná. Ní Túsìdè, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ní Wẹ́sìdè, ó ti gbé bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní 1996, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Josh Clark gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, kò sì sí àlùpàyídà kankan nínú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, èèyàn á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á wá rọra sáré fún ìṣẹ́jú kan, á fẹsẹ̀ rìn fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, á tún sáré, á tún rìn, títí tí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀ ni ìrìn á máa dín kù, tí eré á máa pọ̀ sí i. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, á ti lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sáré láìdúró.

Bí èèyàn ṣe máa mọ̀ pé eré òun kò pọ̀ jù ni kó máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé "ẹ... ẹ... ẹ jọ̀ọ́" nìkan ló ń ti ẹnu ẹ̀ jáde, kó rọra. Ìdí nìyẹn tó fi dáa kéèyàn sá a ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ìsinmi náà sì wà lára iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọn kò sáré ni ara ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Ti òṣìṣẹ́ ṣíìfù tún yàtọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé kò gbọ́dọ̀ bọ́ sórí títì. Oorun ni kó kọ́kọ́ sùn, kó wá sáré nírọ̀lẹ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó fi sí ọjọ́ tó bá wà nílé. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ gbẹ́rù níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó o fún oṣù àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tó bá dúró ṣinṣin sàn ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó parí sórí ibùsùn.

Ibo ni wọ́n á ti sá a? Kì í ṣe ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà ọ̀hún kì í ṣe ibi eré. Tírélà kò mọ ẹni tó ń sáré fún àánú yàtọ̀ sí ẹni tó ń sọdá. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò náà bẹ́ẹ̀. Pápá iléèwé ló dáa jù, bí wọ́n bá gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé. Èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọn títì inú àdúgbò tí mọ́tò kì í pọ̀ sí, láàárọ̀ Sátidé tàbí Sọ́ńdè. Kí wọ́n kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀, kí wọ́n má kẹ̀yìn sí i. Kí wọ́n wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀ tàbí èyí tó ń tan yanran bíi tàwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, nítorí àwọn ọlọ́kadà míì kì í tan iná. Ibi tí èéfín bá ti ń rú jáde látinú ṣímínì, kí wọ́n gba ibòmíì, ẹ̀dọ̀fóró kò ṣeé rà lọ́jà. Bí ọyẹ́ bá sì dé, tí eruku gba ojú ọ̀run kan, ìrìn ti tó lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà ń kó ìdààmú bá àwọn èèyàn. Lóòótọ́ ni Abebe Bikila ará Etiópíà fi ẹsẹ̀ lásán gba góòlù máràtọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì ní Róòmù ní 1960, àmọ́ ẹsẹ̀ tó ti mọ́ lára ni ẹsẹ̀ Bikila. Ẹni tó ti ń wọ bàtà látìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi kò gbọ́dọ̀ dán an wò lórí òkúta Ọ̀tà. Òkiríkà tó dáa wà lọ́jà Ṣàngó. Kéèyàn tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò bó bá ṣì ń rọ̀, kó yẹ gìgísẹ̀ wò bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ti jẹ, kó sì rí i pé ìka ẹsẹ̀ rí àyè nà sí. Bàtà ààbò onírin tí wọ́n ń wọ̀ níbi iṣẹ́ kì í ṣe bàtà eré o. Ní ti oúnjẹ, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹyin ti tó. Agbo kò lè sáré fún ẹnikẹ́ni, ọtí oníke kò sì lè fún ẹnikẹ́ni lágbára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbàfiyèsí gan-an rèé, kí àwọn tó fẹ́ràn àṣejù tẹ́tí. Àwọn tó ń sáré nítorí fòníkú-fọ̀ladìde gan-an, bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló máa jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, ẹni tó jẹ́ AS lè sáré, ó lè gba ife-ẹ̀yẹ pàápàá. Àmọ́ bó bá fipá lé ara rẹ̀ nínú oòrùn, tí omi ara rẹ̀ gbẹ, tó kọ̀ tí kò dúró nígbà tí ara sọ pé kó dúró, nǹkan lè bàjẹ́. Ní 2006, ọmọ ọdún 19 kan tó ń jẹ́ Dale Lloyd, tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Yunifásítì Rice, ṣubú lẹ́yìn ìdánrawò, ó sì kú lọ́jọ́ kejì. AS ni, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nítorí rẹ̀ ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀ fi pàṣẹ ní 2010 pé kí wọ́n máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré. Ìyẹn ni pé kí ẹgbẹ́ tó fẹ́ sáré tó fi ẹsẹ̀ kan títì, kí kálukú lọ mọ jínótáìpù rẹ̀, kó sì jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, pàápàá ẹni tó ti lé lógójì ọdún. Ẹni tó jẹ́ SS, dókítà rẹ̀ nìkan ló lè sọ ìwọ̀n ìrìn tàbí eré tó lè ṣe. Ẹni tí àyà bá ń dùn, tí òòyì ń kọ́, tí òógùn tútù ń bo, kó dúró lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀. Terry Fox pàápàá dúró.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ẹnu ayé kì í sinmi lórí tiwọn. "Ìyàwó lágbájá ti ń bá àwọn ọkùnrin sáré láàárọ̀ o!" Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí ọkọ, wọ́n sì ti fi ata àti iyọ̀ sí i. Ẹni tó bá rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ti Kathrine Switzer. Ní 1967, ó fi K. V. Switzer forúkọ sílẹ̀ fún máràtọ́ọ̀nù Boston, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gba obìnrin nígbà náà. Bó ṣe ń sáré lọ, ọ̀kan nínú àwọn tó ń darí eré náà fò mọ́ ọn, ó fẹ́ já nọ́ńbà tó wà láyà rẹ̀. Wọ́n ti ọkùnrin náà sẹ́yìn, obìnrin náà sì sá a parí. Ó di 1972 kí wọ́n tó gba obìnrin láyè ní Boston, ó di 1984 kí máràtọ́ọ̀nù obìnrin tó wọ Òlíńpíìkì. Lónìí, kò sẹ́ni tó rántí yẹ̀yẹ́ tí wọ́n fi wọ́n ṣe. Kí obìnrin tó fẹ́ sáré l'Ọ́tà wá ẹlẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, kó wọ ohun tó tù ú lára tó sì bá ẹ̀sìn rẹ̀ mu, kó má jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì sọ fún ẹni tó wà nílé ibi tí òun ń gbà. Bí ọkọ bá ń ráhùn, ọ̀nà kan wà tó dáa ju ìjà lọ: kó mú un dání.

Bó ti wù kí eré dùn tó, owó ni yóò sọ bóyá orúkọ ẹgbẹ́ máa dáa tàbí máa bàjẹ́. Àwọn ará ìlú ti rí i rí. Wọ́n ti fi owó sí kóńkóló, wọ́n ti dáwó fún aláìsàn tí wọn kò rí, wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tó ń kówó jọ fún ọmọ aláìsàn ti fi ra ọ̀kadà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é" nígbà tí wọ́n bá bèèrè owó lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe pé wọ́n ya ahun, wọ́n ti jóná rí ni. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́, àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni kó lò, kì í ṣe ti alága. Èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó jáde. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dáwó àti iye tó dá sínú ìwé, ì báà jẹ́ 200 náírà. Bí wọ́n bá fẹ́ kó pẹ́, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC bí òfin ṣe là á kalẹ̀. Bí owó bá pé, kí wọ́n san án fún ilé ìtọ́jú tààràtà, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Owó ọkọ̀, owó omi, owó aṣọ ẹgbẹ́, àpò ara wọn ni kó ti jáde. Náírà tí wọ́n bá ní ti ọmọ aláìsàn ni, kó jẹ́ ti ọmọ aláìsàn.

Bí owó náà sì ṣe ń pé kò ṣòro láti ṣírò. Bí ogún èèyàn bá wà nínú ẹgbẹ́, tí kálukú wá èèyàn 25, tí ẹni kọ̀ọ̀kan fi 1,000 náírà sílẹ̀, 500,000 náírà ti délẹ̀ nìyẹn, kò sì sí olówó kankan tí wọ́n lọ dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn òṣìṣẹ́ Ọ̀tà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó owó jọ. Àjọ ń bẹ níbi iṣẹ́ gbogbo, kọ́pẹ́ń ń bẹ, olórí àjọ tí kì í jẹ owó olówó ń bẹ, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe akápò, kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù.

Ohun tó kù ni ìbẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀hún kò sì gba ju ogún ìṣẹ́jú lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ni wọ́n fi ń sàmì àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lágbàáyé lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìrìn ní oṣù kẹrin á ti lè sá kìlómítà 5 nígbà tọ́jọ́ náà bá pé. Bó bá jẹ́ máràtọ́ọ̀nù Èkó inú oṣù kejì ni wọ́n ń fojú sùn, kí wọ́n ti jáde kí òjò ọdún tó ṣáájú tó dá. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n ṣe ipò kìíní. Ẹni tó gbẹ́yìn ní Prince George ló kó mílíọ̀nù 24 dọ́là jọ.

Ẹni tí kò bá sì lè sáré, kó dáwó. Ẹni tí kò bá lè dáwó, kó bu omi sínú ife kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹni tí kò bá lè ṣe ìkankan nínú gbogbo rẹ̀, kó ṣáà lọ mọ jínótáìpù rẹ̀ kó tó gbé ìyàwó, nítorí ìyẹn nìkan lè gba ọmọ kan là tí kò sẹ́ni tó máa ní láti sáré nítorí rẹ̀.